Àwọn Ọmọ Ọba Ojú Fàdákà

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Gonzagueville nílẹ̀ elédè Faransé, kó bi Rahmatou wò. Aṣọ tó fi nu fàdákà lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í sínú ọ̀rá. Kì í tú u fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ Rahmatou ni kó máa fọ fàdákà tó ti dúdú. Eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ó tán. Bàbá kan ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, gbé mẹ́dáì fàdákà kan fún un, ó ní irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé mọ́. Orí ọmọ méjì ni wọ́n gbẹ́ sójú rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn méjèèjì kọjú sí apá òsì, ọ̀kan yọ lẹ́yìn ìkejì.

Rahmatou fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ, ó lọ fún àwọn ìbejì tirẹ̀ lọ́mú. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni wọ́n. Wọn kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yíjú bí a bá pe orúkọ wọn.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Silifatou, ará Ṣakí, wọlé, ó rí orí méjì yẹn. Ìyá yìí kì í fi ìrun ṣeré, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìbejì ṣeré. Ó ní ẹdúnjọbí kì í wọlé ẹni kébi máa pa wọ́n. Ó bu ẹ̀wà elépo, ó fi ìka tọ́ ọ sí àwọn orí ojú mẹ́dáì náà lẹ́nu.

"Táyé, jẹun. Kẹ́hìndé, jẹun."

"Ìyá, ti oníbàárà ni o."

"Ìyá Ìbejì, ṣé àwọn oníbàárà kì í jẹun ni?"

Nígbà tí Rahmatou dé ibẹ̀ láti nù ún, kò bá epo, kò bá ẹ̀wà. Èèpo ẹ̀wà kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ètè ọmọbìnrin ojú mẹ́dáì náà, ó rí játijàti bí ohun tí a jẹ tí a tu dànù.

Láti ìgbà náà ni dúdú ti ń yọ ní ẹnu àwọn orí fàdákà méjèèjì. Kì í ṣe dúdú fàdákà. Ó ń fà bí itọ́. Ó ń rùn bí epo tó ti kan. Tó bá nù ún, á tún yọ. Òórùn náà wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ọṣẹ kò ràn án. Ṣíbí ló wá fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé mẹ́dáì náà tọ Jérémie lọ, tíṣà tí wọ́n jọ ń gbélé. Jérémie di imú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mẹ́dáì náà.

"Ìbejì kọ́," ló wí. "Frère et sœur ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọmọ ọba. Ọkùnrin fi ọdún mẹ́rin ju obìnrin lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú."

Rahmatou padà sílé.

"Ìyá, wọn kì í ṣe ìbejì. Orúkọ ta lẹ fi pè wọ́n?"

Òjò ń kán lórí páànù. Ìyá Silifatou kọjú sí ẹní tí àwọn ọmọ sùn sí, ó rọra pè, "Táyé."

Kò sọ́mọ tó mira lórí ẹní. Nínú ọwọ́ Rahmatou, níbi tí mẹ́dáì wà, ni nǹkan ti dún, ṣàpọ̀, bí ọmọ tó já ẹnu kúrò lọ́mú.

Ó gbé mẹ́dáì náà lọ sí Cocody lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Bàbá yẹn gbé e sún mọ́ imú, ó yìn ín. Mẹ́dáì náà funfun báláú. Kò rùn rárá.

Nígbà tó délé, Ìyá Silifatou jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn ọmọ kọ̀ láti wo ojú òun. Rahmatou wọlé. Wọn ò sùn, wọn ò sunkún. Àwọn méjèèjì kọjú sí apá òsì, ọ̀kan yọ lẹ́yìn ìkejì.

Ó pe Táyé. Ó pe Kẹ́hìndé. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Ó fà wọ́n mọ́ra láti fún wọn lọ́mú. Òórùn epo kíkan kọ lù ú. Ó fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ó fi nu ahọ́n Kẹ́hìndé. Dúdú bá aṣọ wá, ó ń fà. Ó yí aṣọ síbi tó mọ́. Ó tún nù ún.