Ìléfòó Jọọlá

Àárín òpó ilé tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti bá òkú Jọọlá. Ó há sábẹ́ omi, okùn wé mọ́ ọn lápá, rọ́bà tó fi ń mí sì ti já.

Kí Inspẹ́kítọ̀ Fàsílátù tó ti Igbókọ̀dá dé, wọ́n ti gbé e sórí afárá pákó. Aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi bò ó. Kò sẹ́ni tó ń ké. Ní abúlé yìí, tí kò jìnnà sí Zion Pepe, òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, ó ti gba itẹ́ òkú. Omijé ti tán lójú wọn. Ọmọ etí odò ni Fàsílátù náà. Ilé bàbá tirẹ̀ ti wà lábẹ́ omi. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Òmùwẹ̀ ni Jọọlá. Á wọ omi lọ síbi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀, á máa tú pákó àti páànù àwọn ilé tó ti rì, kí àwọn tó kù lè rí nǹkan fi kọ́lé. Òpó pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ ọn. Nítorí náà ọkọ̀ á dúró lókèèrè, ẹ̀rọ kékeré kan nínú rẹ̀ á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i gba inú rọ́bà gígùn. Wọ́n á so rọ́bà mọ́ okùn. Okùn á léfòó lójú omi, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ lè rí i, kó yà.

Ohun tó ń gbé okùn náà léfòó, Jọọlá fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Gbogbo èèyàn ń pè é ní ìléfòó Jọọlá.

Kingsley, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì kó èrò, ni wọ́n ti dè mọ́ òpó. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló gba orí okùn kọjá. Irin tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ló fa okùn, ló já rọ́bà.

"Màdáámù, ìléfòó kankan ò sí lójú omi," ó ní. "Mo rí ọkọ̀ Bùrọ̀dá Pọ́ọ̀lù. Mo wá ìléfòó, mi ò rí. Mo ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Wọ́n ní o máa ń bá Jọọlá jà lórí okùn yẹn."

"Mo máa ń bínú, torí ó ń mú mi rìn yípo. Ṣùgbọ́n mo máa ń yípo ni, Màdáámù. Ẹ bi àwọn èrò mi."

Fàsílátù bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn bá ti Kingsley mu: okùn kò hàn, ìléfòó kò sí. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó jókòó nínú ọkọ̀. Kò pariwo, kò juwọ́.

"Ẹ tú u sílẹ̀," Inspẹ́kítọ̀ wí.

Ọkùnrin inú ọkọ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n Jọọlá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dárasími. Ó jókòó ti òkú àbúrò rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Ọ̀dà dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Dárasími," Fàsílátù wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọkọ̀ ń jò. Bí àbúrò mi ṣe wọmi tán ni mo ṣí agolo ọ̀dà, mo ń fi dí i. Mo tẹrí ba. Ariwo ẹ̀ńjìnnì ni mo gbọ́."

"Àwọn ìléfòó ńkọ́?"

"Wọ́n ti bọ́. Ìgbì omi ló já wọn, ó gbé wọn lọ. Mo ti sọ fún un pé nǹkan tó ṣe yẹn ò lágbára."

"Ta ló fi wọ́n sókùn?"

"Òun ni, kó tó wọmi. Èmi kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Láti ọjọ́ tó ti ṣe é, mi ò fọwọ́ kàn án rí."

Ó sọ èyí bí ẹni tó ń búra.

Ẹlòmíràn tí wọ́n ń nàka sí ni Olówòkéré, tó ń ta àwọ̀n. Ó ti bẹ Jọọlá títí kó kọ́ òun ní bí a ṣe ń ṣe ìléfòó náà, Jọọlá kọ̀. Nígbà tí Fàsílátù dé ìsọ̀ rẹ̀, ó mú ìléfòó kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó ti là á sí méjì.

"Mo jí i ni, kí n má purọ́," ó wí. "Mo fà á, kò ṣí. Mo yí i, kò ṣí. Mo wá fi ọ̀bẹ là á. Títí dòní mi ò mọ̀ ọ́n ṣí, Màdáámù."

Fàsílátù gbé èyí tó là náà lọ bá Bùsọ́lá, ìyàwó Jọọlá, lẹ́nu ilé. Àwọn obìnrin yí i ká. Láàárọ̀, ìdí ẹja yíyan ni gbogbo wọn jọ wà. Bùsọ́lá kò kúrò lójú wọn.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i, ìyá?"

Bùsọ́lá na ọwọ́ mú òmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóòmù líle tí òkun ń gbé wá sí èbúté ni, ó tóbi tó búrẹ́dì. Wọ́n la inú rẹ̀ kí okùn lè wọ̀ ọ́. Igi kékeré kan dábùú ẹnu rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ lọkọ mi ń pe igi yìí. Tí okùn bá ti wọlé, wọ́n á yí i, ó ti tì nìyẹn. Ọwọ́ kan tó o, kí èèyàn tó pe Jésù. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú, kí wọ́n tó yí i padà. Ẹni tó bá kàn ń fà á, ṣe ló túbọ̀ ń di okùn mú."

"Ta ló mọ̀ ọ́n ṣí?"

"Òun, èmi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́." Ó wolẹ̀. "Àwa mẹ́ta náà ni."

Ibẹ̀ ni Rekiyat, obìnrin tó ń dẹ akàn, ti gbé agbọ̀n dé. Àwọn ìléfòó ló wà nínú rẹ̀.

"Mo rí wọn nínú ẹrẹ̀, nínú odò kékeré ẹ̀yìn abúlé," ó ní. "Ojúkan náà ni gbogbo wọn wà."

"Níbo lomi ń fà sí láàárọ̀?"

"Ó ń fà lọ sókun ni, Inspẹ́kítọ̀. Èmi náà rò ó. Omi tó ń lọ sókun kì í gbé ẹrù padà wálé."

Fàsílátù mú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu kankan kò ya. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n yí padà bó ṣe yẹ. Lórí igi kọ̀ọ̀kan, ojú ìka dúdú wà. Ọ̀dà ni.

Ìdùnnú kankan kò sọ nínú rẹ̀. Ó wu ú kó jẹ́ ìgbì omi.

Ó padà sórí afárá, ó gbé agbọ̀n náà síwájú Pọ́ọ̀lù.

"Bàbá Dárasími, ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Ẹ ní lẹ́yìn tí Jọọlá wọmi lẹ ṣí ọ̀dà. Àwọn ìléfòó ti wà lójú omi nígbà yẹn. Báwo lọ̀dà ṣe dórí kọ́kọ́rọ́ wọn?"

Pọ́ọ̀lù wo ọwọ́ rẹ̀.

"Omi kọ́ ló já wọn. Ọwọ́ ló ṣí wọn. Ẹ fa okùn wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ wọ́n, ẹ jẹ́ kó rì díẹ̀ sábẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti lè rí i, tí ẹ̀ńjìnnì sì lè fà á. Nígbà tí ẹ ń wá pe èèyàn, ẹ gba ẹ̀yìn abúlé, ẹ dà wọ́n sẹ́rẹ̀."

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀, ohùn ilé ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ọma mi ni."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀tàn náà. Ní àkókò òjò tó kọjá, òkun ya wọ abúlé. Okùn ni wọ́n nà kí àwọn ọmọdé máa dì mú dé ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọn nígbà náà, ó sì ń pẹ́. Jọọlá ń ta kókó lọ́wọ́ nígbà tí ìgbì dé. Okùn rì. Olúwadárasími, ọmọ kan ṣoṣo tí Pọ́ọ̀lù bí, kò jọ̀wọ́ okùn náà, ó sì bá a lọ.

"Ìyẹn ló mú kó ṣe ìléfòó," Pọ́ọ̀lù wí. "Wọ́n wá ń yìn ín. Pásítọ̀ gbé e sókè nínú ìjọ, wọ́n ní Ọlọ́run fún un lọ́gbọ́n. Ọma mi ló fi kọ́ ọgbọ́n yẹn! Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí okùn rì lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé asán ni ìléfòó rẹ̀."

"Ẹ rí ọkọ̀ Kingsley tó ń bọ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ lè juwọ́."

"Mo lè juwọ́." Ó kọjú sí aṣọ funfun. "Nígbà tí mo ń yọ wọ́n, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀. Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn bóyá kò sí wàhálà. Mo fà á padà. Mo ní kò sí."

Fàsílátù fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ó dúró ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé ìléfòó Jọọlá kò já, pé kò ní àbùkù kankan, kí wọ́n má jù ú nù. Wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ti ń yọ wọ́n kúrò lára okùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó wọn jọ sẹ́nu ilé Bùsọ́lá bí ẹni ń dá ẹrù òkú padà.

"Ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀ ọ́," Olówòkéré wí. "Ta ló máa so ó mọ́ okùn ọmọ rẹ̀?"

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà. Ilẹ̀ gbígbẹ kò sí ní abúlé tí wọ́n lè sin òkú sí, nítorí náà Igbókọ̀dá ni wọ́n máa gbé Jọọlá lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Wọ́n mú Pọ́ọ̀lù wọlé, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀.

Nígbà náà ni ìyá wọn jáde, arúgbó tó ń fi igi rìn. Ó ní òun ń bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó láyà láti dá a dúró. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọwọ́ kan lé aṣọ funfun, ó fi ìkejì di ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú.

"Inspẹ́kítọ̀," ó ní, "tí a bá débẹ̀, èwo ni mo máa bá lọ?"

Fàsílátù ní kí wọ́n ṣáná sí ẹ̀ńjìnnì.