Dísíkẹ́ẹ̀tì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ Ẹni Tó Ṣe É

Ní ọdún 1989, ó ti di oṣù keje tí Fọláwùmí Adémúyìwá ti ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọ kan ní Niger Street, Sabon Gari, Kano. Ikán ti jẹ ìwé ìrìbọmi ìjọ náà, èyí tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sí láti ayé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Inú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń rí ẹ̀rí ọjọ́ orí wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ra kọ̀ǹpútà, kí Fọláwùmí lè kó orúkọ wọn sínú rẹ̀ kí ikán tó jẹ ìyókù.

Ohun kan ló ń sú u. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, bírò ló fi ń fi àmì sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Gbádégẹṣin, akọ̀wé àgbà ìjọ, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò jẹ́ kó sinmi.

"Fọláwùmí, ṣé bí Olúwa bá padà dé, bírò la ó ṣì fi máa fi àmì sí i?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Dìran, àbúrò Fọláwùmí tó ń tún taipuráítà ṣe ní àdúgbò Gwagwarwa, mú dísíkẹ́ẹ̀tì kan wọlé, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó ètò kọ̀ǹpútà sí.

"Àǹtí mi, wàhálà yín ti tán. Ètò tó ń fi àmì sí Yorùbá ló wà nínú èyí. Orí Windows lẹ máa ti ṣí i."

Fọláwùmí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Matthew tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló dà á kọ fún mi."

"Mi ò béèrè ẹni tó dà á kọ. Ta ló ṣe é?"

"Ẹnì kan ní Èkó."

"Ẹnì kan náà kò lórúkọ?"

Dìran kanra. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní àmì lẹ ń wá, mo gbé e wá, ẹ tún ń béèrè orúkọ bàbá rẹ̀."

Bàbá Gbádégẹṣin gbọ́ wọn láti yàrá kejì, ó sì jáde. Ó ní kí wọ́n ki í bọ ẹ̀rọ. Fọláwùmí kọ̀. Ó ní àfi kí Rahinat kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kano ni Rahinat, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí n tó dé," ni Fọláwùmí wí, ó sì jáde.

Nígbà tí òun àti Rahinat fi máa wọlé, ètò náà ti wà lójú ẹ̀rọ. Orúkọ Gbádégẹṣin jókòó sáàárín rẹ̀, àmì rẹ̀ pé pérépéré. Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i? Ohun tí ò ń bẹ̀rù rèé."

Fọláwùmí wo Bàbá, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì wá ibì kan jókòó.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Rahinat wí. "Dìran, má tẹ nǹkan kan mọ́." Ó pa ẹ̀rọ náà.

"Haba, Rahinat. Ó kúkú ń ṣiṣẹ́," ni Dìran wí.

"Ó lè máa ṣe èyí tí o rí, kó sì máa ṣe èyí tí o kò rí."

Rahinat mú dísíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde nínú àpò. Ó ti fi bébà dí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ohunkóhun má baà lè kọ nǹkan sí i.

"Èyí ni mo máa fi tan ẹ̀rọ yìí. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, a ò lè ní kó wá jẹ́rìí ara rẹ̀. Ojúlówó dísíkẹ́ẹ̀tì tó bá kọ̀ǹpútà yìí wá dà?"

Fọláwùmí gbé e wá. Rahinat ní kó máa ka bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó lórí ojúlówó, òun náà á máa ka ti inú ẹ̀rọ. Ètò ìtẹ̀wé ti sanra ju ojúlówó rẹ̀ lọ. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta náà rí bẹ́ẹ̀, iye kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ju ojúlówó wọn lọ.

"Dìran, ètò mélòó lo ṣí lẹ́yìn tí o ki eléyìí bọ̀ ọ́?"

"Mẹ́ta."

"Kòkòrò kọ̀ǹpútà ni. Ètò tí èèyàn kọ láti ba nǹkan jẹ́ ni, ó ń sá wọ inú ètò mìíràn, ó ń bí sí i."

Ohùn Bàbá rẹlẹ̀. "Ìwé ìrìbọmi ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn?"

"Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn," ni Fọláwùmí dáhùn. "Bàbá ní kí n yé fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀dà ṣíṣe."

Bàbá wo ilẹ̀.

Rahinat da orúkọ náà kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Ó pé. Kòkòrò náà kò tíì kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Ó nu gbogbo ètò inú ẹ̀rọ náà kúrò, ó sì tún kó ojúlówó wọn sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà.

Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, Fọláwùmí ti kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Èèyàn mélòó lo ti da nǹkan yìí kọ fún?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà. O sì ṣì jókòó síbí."

Dìran dìde, ó lọ kìlọ̀ fún wọn àti fún Matthew. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Matthew ní ìlara ni, pé ètò òun kò ṣe nǹkan kan fún òun. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ètò tó bá ti ṣí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń parẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Àdàkọ ni gbogbo ètò tó ní, kò sí ojúlówó kan tó lè padà sí. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣí ètò tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, bó ti wù kó wúlò tó. Pé ó ṣiṣẹ́ lẹ́rọ ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó fi wé ojúlówó, kó sì dán an wò lórí ẹ̀rọ tí kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ojúlówó dísíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín lójoojúmọ́. Bí kòkòrò bá ti wọlé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ fún. Bí ẹni tó gbé e wá bá bínú pé ẹ ń yẹ nǹkan òun wò, ẹ jẹ́ kó bínú.