Odò Kékeré Ò Fi Ẹja Pamọ́

Níbi tí wọ́n ti ń gbaradì fún ìdánwò JAMB ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ọmọ́títí ti pàdé Qowiyyu. Ọmọ apẹja ni Ọmọ́títí, láti Òde-Omi létí ọ̀sà. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé. Dúdú rẹ̀ ń dán bí ẹni fi àdín pa á. Qowiyyu jókòó tì í, ó yọjú wo ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yìí ń sá fún mi. Ẹ bá mi mú un."

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ yìí?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìfẹ́ wọlé, kò tilẹ̀ ké àgò.

Ìṣirò ni wọ́n fi ń fẹ́ra wọn. Ọmọ́títí á máa ṣe é, Qowiyyu á máa wò ó bí ẹni ń wo òṣùpá, á ní, "Títí mi, ọpọlọ rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́." Alhaja Asimawu, ìyá Qowiyyu, ti ń pè é ní ìyàwó mi. Tó bá dé ilé wọn, ẹran tó tóbi jù ni wọ́n ń bù fún un.

Èsì dé. Yunifásítì ńlá ní Àgọ́-Ìwòyè gba Ọmọ́títí fún ẹ̀kọ́ ìṣirò. Máàkì Qowiyyu ò tó ibẹ̀. Yunifásítì kékeré kan lọ́nà Mamu ló gbà á fún ẹ̀kọ́ kan náà.

"Wá sí Mamu, ká jọ wà," ni Qowiyyu wí.

"Ṣebí ọ̀kadà lásán ló wà láàárín wa?"

"Ọkùnrin pọ̀ ní Àgọ́ bí eṣú. Olólùfẹ́ mi, méjì àti méjì, ṣé kì í ṣe mẹ́rin níbi gbogbo?"

Ọmọ́títí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Bàbá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe. Kò gbójú sókè, orin tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lójú omi ló fi dáhùn:

Ibú lẹja ńlá ń gbé o,
Ibú lẹja ńlá ń gbé.
Odò kékeré ò fẹja pamọ́,
Ibú lẹja ńlá ń gbé.

"Bàbá, ṣé ẹ gbà ni àbí ẹ ò gbà?"

"Mo ti kọrin tán."

Ìfẹ́ ti dí i létí. Mamu ló lọ.

Ní Àgọ́, èrò ìbá bò wọ́n. Kíláàsì ti Mamu ò ju bí ẹbí kan lọ, ojúmọ́ kan kò sì mọ́ kí Dókítà Naomi, olùkọ́ wọn, má pe èèyàn síwájú pátákó.

"Qowiyyu, bọ́ síbí." Ṣọ́ọ̀kì á dúró lójijì lọ́wọ́ Qowiyyu. "Ọmọ́títí, lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Qowiyyu kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì sọ Ọmọ́títí di Tíṣà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí Qowiyyu: "Ọkọ Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀rín tán.

Àánú rẹ̀ ṣe Ọmọ́títí. Lọ́jọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìṣirò tí ọmọdé ò lè ṣì. Dókítà Naomi ní, "Ọmọ́títí, ṣé ara rẹ yá?" Gbogbo kíláàsì yíjú wo Qowiyyu. Ó dìde, ó jáde.

Alhaja náà gbọ́. "Ìyàwó tó ń ṣàánú ọkọ lójú ayé, ilé wo ni wọ́n ó jọ gbé?" Nígbà tí Ọmọ́títí tún dé ilé wọn, eegun ló bá nínú abọ́.

Ní oríta Mamu ni Qowiyyu ti sọ ọ́.

"Mi ò ṣe mọ́, Ọmọ́títí." Kò pè é ní Títí mi mọ́.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ká ní Àgọ́ lo lọ ni, n kì bá mọ̀ pé o jù mí lọ tó báyìí. Ǹ bá ṣì fẹ́ràn rẹ."

"Ta ló ní kí n má lọ?"

Ọkọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awakọ̀ ń ké èrò: "Àgọ́, Àgọ́, ó ku ẹnì kan. Àǹtí, ṣé ẹ ń lọ?"

Ọmọ́títí mi orí. Qowiyyu ló wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kún, ó gbéra.

Ọmọ́títí dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kọ orin bàbá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó kan odò kékeré, ẹkún gba orin lẹ́nu rẹ̀.