Òkun Tó Wà ní Joju

Ọjọ́ tí Toyibat kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Joju, ládùúgbò Sango, ẹ̀rín ló fi kí mi.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló wá yà, fún káàdì ilé-iṣẹ́ oníke tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ ní Sango. Mo ti gbé àga fún un, mo ń tún iná ṣe, ló bá rí aṣọ ńlá tí mo ta sí ara ògiri. Òkun ni wọ́n fi ọ̀dà yà sí i: omi búlúù, igi àgbọn méjì, àti oòrùn pupa tó ń wọ̀ láàárín gbùngbùn omi. Iwájú rẹ̀ làwọn oníbàárà mi máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí.

"Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ má bínú o. Ta ló ya òkun yìí?"

"Fákọ̀yà ni, ará Ilo-Awela. Kàlẹ́ńdà ló wò yà á."

"Òun náà ò rí òkun rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí òkun lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ọ̀tún yín ni oòrùn ń wọ̀ sí. Nígbà ọyẹ́, inú omi ló ń rì sí. Nígbà òjò, ẹ̀yìn igi àgbọn lórí ilẹ̀ ló ń gbà lọ."

"Kí ló fà á?"

Ó wò mí. "Ẹlòmíì ì bá ti bínú. Ẹ̀yin ń béèrè ohun tó fà á."

Ará Ìsẹ́yìn ni mí, Gbọ́ládé lorúkọ mi. Kámẹ́rà tó ti bàjẹ́ ni mo ń tú palẹ̀ tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra mi, ohun tí mi ò bá sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí n gbádùn. Bó ṣe jáde báyìí, mo ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù. Òótọ́ ló sọ. Gúúsù ni etíkun wa kọjú sí, oòrùn kì í sì í wọ̀ síbì kan náà láti oṣù dé oṣù.

Ohun kejì tí mo tún fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ti ní àfẹ́sọ́nà. Nígbà tó wá gba fọ́tò rẹ̀, mo bi í. Kò ní.

Lásìkò náà, ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń ṣètò ìgbéyàwó ní kí n bá àwọn wá etíkun tó rẹwà, tí èrò ò tíì mọ̀, kí wọ́n lè máa kó tọkọtaya lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Tí mo bá rí i, gbogbo iṣẹ́ fọ́tò wọn di tèmi. Mo sọ fún Toyibat.

"Ọmọ etíkun lẹ bá pàdé," ó ní. "Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń sinmi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. A ó wọ mọ́tò ní Sango, a ó gba Atan já sí Àgbárá, a ó forí lé Badagry. Etíkun kan rèé, ike omi ló kún ibẹ̀. Òmíràn, ariwo ẹ̀rọ orin ò jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ìkẹta dára, àmọ́ iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ bo ojú kámẹ́rà mi. Mo fẹ́ fi aṣọ nù ún, Toyibat gbá mi lọ́wọ́.

"Má nù ún ní gbígbẹ! Iyọ̀ á ha á. Fi omi rẹ aṣọ ná. Bí bàbá mi ṣe ń nu dígí ojú ẹ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé kò pè mí ní "ẹ̀yin" mọ́. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ìyá mi gbọ́, ó pè mí láti Ìsẹ́yìn. "Gbọ́ládé, ọmọ etí òkun lo fẹ́ fẹ́? Ìwọ tó ò mọ bá a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́!"

"Màmá, òun mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan tó nínú ilé."

Nínú oṣù Kejìlá, Toyibat mú mi dé abúlé wọn. A fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, a rin orí yanrìn díẹ̀. Igi àgbọn kan tẹ̀ ba sórí omi, yanrìn yọ bí ahọ́n sínú òkun, oòrùn sì ń rì lọ́wọ́ ọ̀tún, bó ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo ya àwòrán kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé òun ni mo ti ń wá kiri.

"Toyibat, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Jẹ́ ká fẹ́ra."

"Oòrùn yìí ló ń pa ọ́. Tí kò bá sí oòrùn lọ́la ńkọ́?"

"Màá tún un sọ lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, olówó orí mi. Ẹnu Bàbá ló kù."

Bàbá Àmọ̀dá, bàbá rẹ̀, ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀. Bó ṣe rí kámẹ́rà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Onífọ́tò kan wá sápá ibẹ̀ yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn," ó nawọ́ sí ìlà oòrùn. "Ó gbé àwòrán ibẹ̀ sórí fóònù tòun ti orúkọ rẹ̀. Kí òjò mìíràn tó dé, àwọn olówó ti fi ọgbà yí i ká. Ọkọ̀ wa ò lè gúnlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ibi tó kù fún wa rèé. Ẹni tó bá fi í han aráyé ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Nígbà tá a padà sí Sango, àwọn ará Èkó ń pè lemọ́lemọ́: àwòrán dà? Mo bi Toyibat pé kí ni kí n ṣe.

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́," ó ní, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí mo bá bẹ̀ ọ́, mi ò ní mọ irú ẹni tó o jẹ́."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo àwòrán náà, ọkọ̀ tí kò níbi gúnlẹ̀ ni mò ń rí. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní ibì kankan tí mo lè fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí wọra.

Kámẹ́rà mi máa ń fi ibi tí mo ti ya àwòrán pamọ́ sínú àwòrán fúnra rẹ̀. Mo pa ìyẹn rẹ́. Mo tẹ ẹyọ kan sórí bébà, mo gbé e lọ bá Fákọ̀yà.

"Yà á sórí aṣọ bó ṣe rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn o!"

"Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀?"

"Àwọn kan wà."

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Toyibat mú bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Toyibat ti ròyìn fún bàbá rẹ̀ pé mo kọ iṣẹ́ náà, àmọ́ kò sọ ti aṣọ tuntun tí Fákọ̀yà yà, tí mo ti ta sí ògiri. Bàbá rí i, ó dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ le.

Oníbàárà kan, Ìyá Ọpẹ́, tó ń dúró de fọ́tò rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá Fọ́tò, ibo ni òkun tó dára tó báyìí wà?"

"Joju ni, mà."

"Òpùrọ́! O ò kàn fẹ́ sọ ni."

Bàbá wo obìnrin náà. Ó wò mí. Ó padà wo òkun náà.

"Ọkọ̀ mi dà?"

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Mo ní ọkọ̀ mi dà? Abẹ́ igi yẹn ló máa ń wà nírọ̀lẹ́. Sọ fún ayàwòrán rẹ kó yà á sí i. Kó o sì sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá kí wa."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Toyibat ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú rẹ̀.

Bàbá, tí kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀, fa àga síwájú òkun, ó jókòó, ó ní kí ọmọ òun dúró ti òun. Èmi ṣì ń tún iná ṣe. Agogo méjìlá kọjá díẹ̀ ni.

"Yà á kíá," ó ní, "kí oòrùn tó wọ̀."