Ọ̀dà Pupa Lára Gìtá Sàlámì

Òórùn ọ̀dà ni Sàlámì kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí gìtá náà.

Ọjọ́ tí gbogbo Ìbàdàn gun Òkè Mápó lọ láti yọ̀ pé ogun Hítílà ti parí ni. Àwọn ìjòyè ti gun ẹṣin dé, wọ́n wé láwàní funfun, agbádá sányán ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ iléèwé tò sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àsíá pélébé lọ́wọ́. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó jókòó síwájú, ó ń nu òógùn bí ẹni tí wọ́n ń yan lórí iná. Sàlámì, kafinta Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ dàńṣíkí ẹtù tó fi ṣègbéyàwó, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ńlá kan nínú gbọ̀ngàn. Lónìí ni wọn yóò dárúkọ rẹ̀ níwájú ìlú. Àdéhùn ni. Ọlábọ̀wálé tó fẹ́ fi gìtá náà kọrin ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún un:

"Bàbá Bùṣírà, kí n tó fọwọ́ kan okùn, màá ní Sàlámì Ìsàlẹ̀ Òsì ló ṣe é. Gbogbo Mápó á gbọ́."

Ọlábọ̀wálé náà wá yọ. Gìtá tó gbé lọ́wọ́ pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú. Ó ń dán gbinrin. Wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ LONDON gàdàgbà sí i láyà.

Sàlámì kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe òun ló ni ín. Ó wo ọrùn gìtá náà, ó rí ibi tí ọ̀bẹ ti yọ̀ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kan, tó bu igi jẹ. Tirẹ̀ ni. Ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì.

Ẹ ò mọ ohun tí ojú ọkùnrin yìí ti rí lórí gìtá yẹn. Látìgbà tí ogun ti dí ojú òkun, gìtá kankan kò ti òkè òkun wọlé mọ́, okùn rẹ̀ pàápàá di àwátì. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ làwọn onígìtá Ìbàdàn fi ń kọrin, ó ń dún bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Sàlámì ní tirẹ̀ ti bá atukọ̀ Potogí kan tún gìtá tó fọ́ ṣe rí l'Ékòó. Ó tú u palẹ̀, ó rí inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Pákó arère tó ti pẹ́ nínú àjà eléèéfín ló fi ṣe ojú gìtá náà. Ó fá a, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí i, ó tún fá a, títí pákó náà fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà létí rẹ̀. Igi apá ló fi ṣe ìhà rẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó tẹ̀ ẹ́ lára páìpù irin gbígbóná, iná sì bó o lọ́wọ́. Awọ màlúù ló sè di gọ́ọ̀mù. Okùn ńkọ́? Ìfun àgbò Iléyá ni.

Ẹran Iléyá kì í ṣe títà, nítorí náà lọ́fẹ̀ẹ́ làwọn agboolé ń fún un. Á gbé garawa láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Pópó Yemọja. Á fá ìgbẹ́ àti ọ̀rá kúrò lára ìfun, á rẹ ẹ́ sínú omi eérú, á lọ́ ọ, á nà án sáàárín ìṣó lára ògiri. Òórùn ibẹ̀ lè lé Èṣù jáde nílé. Eṣinṣin bo ojú fèrèsé bí aṣọ.

"Bàbá Bùṣírà!" Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ á figbe ta. "Ọkọ ọlọ́kọ ń gbé itan wálé, ẹ̀yin ń gbé ìgbẹ́ àgbò! Èwo ni kí n sè níbẹ̀?"

"Etí ló máa jẹ ẹ́, Àtọ́kẹ́."

"Ẹ sọ fún etí kó wá fọ garawa!"

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó so okùn sí i tó sì ta á, Àtọ́kẹ́ tó ń lọ ata gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. Ó kàn jókòó. Ìgbà yẹn ni Sàlámì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó pa pólíìṣì tín-ínrín sí i lára, ó gbé e fún Ọlábọ̀wálé, télọ̀ Bẹẹrẹ tí ìka rẹ̀ yá jù ní gbogbo ìlú, pé kó fi kọ́wọ́ di ọjọ́ àjọyọ̀.

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ rèé.

Nínú gbọ̀ngàn, Sàlámì já àárín èrò kọjá, ó mú un lápá.

"Ọlábọ̀wálé, kí lo fi kùn ún?"

"Ẹ rọra, Bàbá Bùṣírà. Ọ̀dà lọ́rì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn ún fún mi ní gárèèjì. Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé pákó ṣákálá wá síwájú òyìnbó?"

"Ojú rẹ̀ ló fi ń mí! O ti fún un lọ́rùn pa!"

"Gìtá ń mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró síbi ẹ wà."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

Ọlábọ̀wálé tún táì rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá gbọ́ Ìsàlẹ̀ Òsì, ta ló máa dákẹ́ gbọ́ wa?"

Ó bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá! Gìtá yìí ti Lọ́ńdọ̀nù wá! Ó yẹ bọ́ǹbù lórí omi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dà.

Ó wá ta á. Ohùn kò jáde. Kìtì, kìtì, bí ẹni ń fìka gbá àpò gààrí. Ó tún ta á kíkankíkan. Kìtì. Ajẹ́lẹ̀ na etí síwájú, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ará Lọ́ńdọ̀nù, ṣé o ń jẹun lọ́wọ́ ni?" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Ebi ogun ló ń pa á!" ni òmíràn dáhùn, èrò bá ń fi ẹ̀rín ṣubú lé ara wọn.

Òógùn bo Ọlábọ̀wálé. Ó wo òyìnbó, ó wo àwọn ìjòyè, ó gbé gìtá sókè.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò ti Lọ́ńdọ̀nù kankan wá! Sàlámì kafinta, Sàlámì Ìsàlẹ̀ Òsì ló ṣe ẹ̀gbin yìí! Ìfun ẹran ló fi ṣe okùn rẹ̀! Òun nìyẹn!"

Ó kúkú mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Gbogbo Mápó gbọ́. Obìnrin kan tó wà nítòsí Sàlámì fi ìborùn di imú, bẹ́ẹ̀ òórùn ọ̀dà nìkan ló wà níbẹ̀.

Sàlámì gba gìtá lọ́wọ́ Ọlábọ̀wálé, ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà láàárín àwọn ọmọ tó ń ju àsíá. Nílé, ó fi àfọ́kù ìgò fá ọ̀dà náà. Epo rẹ̀ ti wọnú arère lọ. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí, igi ń bá a lọ. Ó fi ìka kàn án. Ó tẹ́tí. Ó tún kàn án. Kìtì náà ló ń dún.

Àtọ́kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Iléyá ń bọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Màá fọ garawa."

Sàlámì gbé gìtá náà kọjú sí ògiri.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan ti Oríta-mẹ́rin wá. "Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ̀ ń ṣe gìtá. Ẹ bá mi ṣe ọ̀kan, kó pupa dáadáa o. Kí LONDON yẹn náà wà lára rẹ̀." Sàlámì tutọ́ síwájú bàtà ọkùnrin náà, ó wọlé.

Ọkọ̀ òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀. Gìtá òkè òkun dé, ó ń dán lára ìkọ́ ní ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, Ọlábọ̀wálé sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Iléyá náà dé. Àwọn agboolé kó ìfun àgbò jọ sórí ewé fún kafinta bí ìṣe wọn. Ẹnikẹ́ni ò wá kó o.

Ìdí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni Sàlámì wà, ó ń parí fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ. Onílé ti gbé agolo ọ̀dà wá, ọ̀dà òkè òkun, pupa. Igún kan bà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé ìfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé kejì. Sàlámì rí i, kò lé e. Ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo, ó ń kun fèrèsé. Níta, igún fa ìfun kan yọ, gbọọrọ gbọọrọ, ó sì gbé e mì.