Kọ́kọ́rọ́ Tó Ṣí Ìlẹ̀kùn Ìyá Sùlíyá

"Ẹ wò ó, mi ò parọ́ fún yín," ni mo wí fún Fàúsát àti Mùíbì, ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bàbá mi bọ àgádágodo Ìyá Sùlíyá, mo yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ṣí.

Ojú ń tì mí láti sọ ìyókù, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Lọ́dún 1957, àwọn oníṣòwò obì ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè Agége, tó fi mọ́ bàbá mi, máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ láti lọ kírun. Ọ̀dọ̀ Jimoh tó ń ta àgádágodo ni gbogbo wọn ti ra tiwọn, nítorí ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn ni. Kò sẹ́ni tó dán kọ́kọ́rọ́ ẹnì kejì wò rí, kí wọ́n lè mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan lè ṣí ju àgádágodo kan lọ. Èmi ni mo ṣèèṣì ki tiwa bọ ti Ìyá Sùlíyá, opó tó ń fi obì tọ́ ọmọ mẹ́rin.

"Mùínàt, lọ sọ fún màmá yìí o," Fàúsát wí.

"Màá sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ ná."

Mi ò sọ. Fáàrí ni mo ń ṣe, mo sì mọ̀. Mùíbì ní tiẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ti mọ́sálásí dé, ìlẹ̀kùn Ìyá Sùlíyá ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obì tí wọ́n ti dì sínú apẹ̀rẹ̀ láti kó lọ sí Kánò ti pòórá. Àgádágodo ò fọ́. Obìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní òun rí èmi tí mo ṣí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ni ọlọ́pàá bá mú bàbá mi, torí bàbá mi ló ni kọ́kọ́rọ́ náà. Bàbá mi wò mí.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ṣé o mọ̀ pé òfin lè mú ẹni tó bá ṣí ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn, bí ò tiẹ̀ mú nǹkan kan níbẹ̀?" sájẹ́ǹtì bi mí.

"Ìkìlọ̀ ni mo fẹ́ ṣe, sà."

"Ta lo wá kìlọ̀ fún?"

Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n tú bàbá mi sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ kírun jẹ́rìí fún wọn. Obì ò padà wá. Sùlíyá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, ó ń bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ibi tí ààbò ẹlòmíràn ti mẹ́hẹ, ẹni tó ni ín ni kí ẹ lọ bá ní kọ̀rọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ṣe yangàn, ẹ má sì ṣí ohun tí kì í ṣe tiyín láti fi hàn pé ẹ gbọ́n.

Nígbà tí Ìyá Sùlíyá ra àgádágodo tuntun, wọ́n pè mí. "Mùínàt, mú kọ́kọ́rọ́ yín wá, bá mi dán an wò." Mo dán an wò níṣojú wọn. Kò ṣí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mi ò lè wo ojú wọn.