Èèrà Lẹ́nu Búta

"Bọ̀ọ̀dá Uwais, ṣé ẹ ti fún Bàbá lóògùn?"

"Mo ti fún wọn. Kí ló dé?"

Màrdíyà gbé ìgò oògùn ìrora náà sókè lójú fèrèsé, ó wò ó títí. Oògùn ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ bàbá rẹ̀, Alàájì Yàkúbù, ń kérora lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá náà, wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì tíì já gaara. Dókítà ní kó máa lo oògùn náà déédéé, kó má dúró dìgbà tí ìrora bá wọ̀ ọ́ lára.

Ta ló wá ń mu ún? Uwais, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń tọ́jú aláìsàn bí ìyá Màrdíyà bá ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Kpata. Àwọn ọmọkùnrin kan sì wà ní gbàgede Paparanda tó ń fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ yó kẹ́ri. Màrdíyà ti rí Uwais láàárín wọn rí. Ó parí, olè náà nìyẹn! Ó gbálẹ̀ yàrá tìbínú-tìbínú, ó gbá àwọn èèrà tó tò sẹ́nu búta àlùwàlá àtijọ́ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dànù, ó ju ìgò oògùn sínú báàgì rẹ̀ kí Uwais má baà rí i mú mọ́, ó gba ilé-ìwé lọ.

Àkókò ìsinmi ni Uwais sáré dé kíláàsì wọn, òógùn bò ó.

"Màrdíyà, jọ̀ọ́, oògùn dà? Bàbá ń fẹ́ ẹ báyìí!"

"Bàbá àbí ìwọ?" Kò tiẹ̀ kà á sí ẹ̀gbọ́n mọ́. "Lọ sọ fáwọn oníbàárà ẹ pé ọjà ti tán."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Uwais wò ó, ó yí padà.

"Ọ̀rẹ́, ó ń sunkún o," ni Zipporah tó jókòó ti Màrdíyà sọ.

"Ẹkún èké ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó gbádùn. Kò pẹ́ tó fi tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Yéè! Bàbá rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó wa eyín pọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àgbà ọkùnrin! Uwais gbé orí Bàbá lé itan, ó ń fẹ́ ẹ. Màrdíyà sáré ṣí ìgò, ó fún un lóògùn.

Nígbà tí ara bàbá náà rọ̀ díẹ̀, ó nàka sí búta. Màrdíyà ṣí i, òórùn oògùn gbá a nímú.

"Ààwẹ̀ oṣù yìí ni," Bàbá rọra sọ. "Láti kékeré, mi ò jẹ ààwẹ̀ rí. Bí Uwais bá ti kẹ̀yìn, màá tu oògùn síbẹ̀. Lónìí agbára mi pin, mo ní kó fún mi lóògùn. Kò rí i."

"Bàbá, ṣebí Alfa ti ní Ọlọ́run ò fi ààwẹ̀ ṣe dandan fún aláìsàn?" Uwais bi í.

"Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi."

Màrdíyà kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Lójú gbogbo kíláàsì, Màrdíyà," ni Uwais wí.

Lọ́jọ́ kejì, Màrdíyà dìde lójú gbogbo kíláàsì, ó sọ ohun tó wà nínú búta, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe olè. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè kí ẹ tó dájọ́. Uwais ni Màrdíyà fura sí, bàbá tirẹ̀ ló jẹ ìyà ìfura náà.